Wísíkì wo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ rà?

Àkọ́mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o. Bíà ni mo máa ń mu, ìyẹn náà kì í ṣe ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ojú mi ti wà lára wísíkì. Ibi tí wọ́n tò ó sí nínú ṣọ́ọ̀bù ló ń já mi láyà. Wọ́n kọ 12 sára ọ̀kan, 18 sára òmíràn, ìkẹta kò ní nọ́ńbà rárá. Èyí ń jẹ́ single malt, tọ̀hún ń jẹ́ blended, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ bourbon. Mo ti tọ́ ọ wò rí níbi àríyá kan, ńṣe ló jó mi lọ́fun, mo rọra gbé ife náà fún ẹlòmíì.

Mi ò fẹ́ di ọ̀mùtí, mi ò sì fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ẹ̀. Ìgò kan tí mo lè gbé sílé, kí n máa mu díẹ̀ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kí ojú má sì tì mí láti bù ú fún àlejò, òun ni mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to orúkọ ogún ìgò lé mi lórí.

Ṣẹ́ẹ̀rẹ́

Jameson. Ọ̀rọ̀ tán. Ó yá, ká lọ sùn.

Bàbá Àgbá

Ṣẹ́ẹ̀rẹ́, o ò ní pa wá! Ìdáhùn yẹn ò burú, àmọ́ o ò sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Àbúrò, káàbọ̀. Gbogbo wísíkì, ọkà ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, bí wọ́n ṣe ń pọn bíà tó o mọ̀ gan-an. Wọ́n á wá sè é kí ọtí inú rẹ̀ lè yọ sọ́tọ̀, wọ́n á sì tọ́jú èyí tó jáde sínú àgbá igi fún ọdún mélòó kan. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bó ṣe máa rí lẹ́nu rẹ: ọkà tí wọ́n lò, bóyá èéfín wọ ọkà náà, àti irú àgbá tó sùn sí. Ìyókù, ariwo ọjà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Nítorí náà, má bi wá pé èwo ló dára jù. Kí lẹnu rẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀? Bó bá jẹ́ oyin, fànílà àti nǹkan dídùn, bourbon ti Amẹ́ríkà ni kó o kọjú sí. Bó bá jẹ́ èso tútù bí ápù àti péà, wo wísíkì Írẹ́lándì, tàbí ti àgbègbè Speyside ní Skọ́tlándì, bíi Glenlivet 12 àti Glenfiddich 12. Bó bá jẹ́ àjàrà gbígbẹ, ṣokoléètì dúdú àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán, wá èyí tó sùn sínú àgbá wáìnì sherry, bíi GlenDronach 12. Bó bá sì jẹ́ ohun tí èéfín ti wọ̀ lára ló ń wù ọ́, a óò jọ sọ̀rọ̀ nípa erékùṣù Islay tó bá yá.

Ìbéèrè kejì: báwo lo ṣe fẹ́ máa mu ún? Ṣé lásán, àbí pẹ̀lú yìnyín, àbí wàá fi omi sódà là á? Ìgò tó dùn lásán lè parẹ́ pátápátá bí sódà bá ti kàn án, èyí tó sì le fún ẹ lẹ́nu lásán lè di aládùn bó o bá là á. Dá wa lóhùn.

Ṣẹ́ẹ̀rẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ó dáa, màá sọ ìdí. Jameson, wísíkì Írẹ́lándì ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Skọ́tlándì ń se tiwọn. Sísè lẹ́ẹ̀kan sí i yẹn máa ń jẹ́ kí ọtí fúyẹ́. Kò sí èéfín níbẹ̀. O lè mu ún lásán, o lè là á, kò ní bá ẹ jà. Bushmills náà wà, ìyẹn sì ń ṣe Black Bush, tó ní malt (ọkà báálì tí wọ́n mú kó hù) púpọ̀ tó sì sùn sínú àgbá sherry. Bí mo bá ní kí n fi ìgò kan ṣoṣo lé Àkọ́mu lọ́wọ́ láìbi í ní ìbéèrè kankan, ọ̀kan nínú àwọn yẹn ni.

Ìyá Olóye

Ẹ jẹ́ kí n bá àbúrò wa ka ara ìgò, torí ibẹ̀ lowó ti máa ń ṣòfò.

Wọ́n ti fi yé àwọn èèyàn pé single malt ni ọba, blended sì ni ẹrú. Irọ́ ni. Single malt ti Skọ́tlándì ni èyí tó jẹ́ pé ọkà báálì tí wọ́n mú kó hù nìkan ni wọ́n fi ṣe é, tó sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sè é. Kì í ṣe àgbá kan ṣoṣo o. Ilé iṣẹ́ náà lè da ọ̀pọ̀ àgbá tirẹ̀ pọ̀ kó tó rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Blended ní tirẹ̀ jẹ́ malt tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ wísíkì tí wọ́n fi ọkà mìíràn ṣe, àlìkámà tàbí àgbàdo lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n sè nínú ẹ̀rọ gíga tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró, irú èyí tí Aeneas Coffey gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1830. Wísíkì ọkà yẹn fúyẹ́, kò lágídí, òun ló sì ń jẹ́ kí blended rọrùn fún ẹnu tuntun. Johnnie Walker Black Label, Chivas Regal 12, Ballantine's, blended ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó yẹ kó tì ọ́ lójú níwájú àlejò. Àwọn àpòpọ̀ yìí gan-an ni wọ́n gbé orúkọ Skọ́tlándì dé gbogbo ayé.

Bó o bá rí "blended malt," àpòpọ̀ single malt láti ilé iṣẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ ni, kò sí wísíkì ọkà mìíràn nínú ẹ̀. Monkey Shoulder wà lára irú ìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ torí pé ó dùn lásán, kò sì bàjẹ́ bó o bá fi omi sódà là á.

Nọ́ńbà ọdún: ọjọ́ orí wísíkì tó kéré jù nínú ìgò yẹn ni. Bí wọ́n bá kọ 12, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀kán kan níbẹ̀ tó kéré sí ọdún 12 nínú àgbá. Bí kò bá sí nọ́ńbà, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Òfin Skọ́tlándì sọ pé ó kéré tán, kó lo ọdún 3 nínú àgbá igi óákù tí kò ju lítà 700 lọ, lórí ilẹ̀ Skọ́tlándì, kí wọ́n má sì rọ ọ́ sígò ní ohun tó rẹlẹ̀ sí 40%. Írẹ́lándì àti Kánádà náà ń béèrè ọdún 3.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹlòmíì á gbé ìgò sókè sí iná, á ní "wo bó ṣe pọ́n, ó ti gbó." Wọ́n gba àwọn ará Skọ́tlándì láyè láti fi ṣúgà jíjó pa á láró, E150a ni wọ́n ń pè é, kí gbogbo ìgò lè jọ ara wọn. Bourbon ni òfin ò gbà fún. Nítorí náà, bí o bá ń ra wísíkì Skọ́tlándì, má fi pípọ́n mọ ohunkóhun.

Nǹkan tó yẹ kó o tẹjú mọ́ jù, tí ọ̀pọ̀ kì í sì í wò, ni agbára ọtí náà. 40% sí 43% ni kó o bẹ̀rẹ̀ sí. Bó o bá rí "cask strength" lára ìgò, ìyẹn lè kọjá 55%, fi í sílẹ̀ ná.

Àkọ́mu

Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Àmọ́ ẹ dákun, ṣé kì í ṣe pé èyí tó jẹ́ 18 dára ju 12 lọ ni? Kí ló wá dé tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Àgbá

Ó wọ́n torí pé ọtí ń gbẹ. Àgbá igi máa ń mí. Ní Skọ́tlándì, nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fẹ́ lọ lọ́dọọdún, "ìpín àwọn áńgẹ́lì" ni wọ́n ń pe èyí tó lọ. Lẹ́yìn ọdún 18, ohun tó ṣẹ́ kù ti dín kù gan-an, ilé iṣẹ́ sì ti tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ọdún yẹn láìpa kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ìyẹn lò ń san. Ìgbà mìíràn, o máa rí èrè rẹ̀ lẹ́nu: á jinlẹ̀, á rọ̀. Ìgbà mìíràn, igi ti bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, ó ti korò.

Ojú ọjọ́ náà tún wà níbẹ̀. Níbi tó bá ti móoru, ọtí máa ń tètè wọnú igi, ó sì máa ń tètè jáde. Amrut, tí wọ́n ń ṣe ní Bangalore ní Íńdíà, kì í nílò ọdún 12 kó tó gbó, bẹ́ẹ̀ ìpín tí áńgẹ́lì ń gbà lọ́hùn-ún ju ti Skọ́tlándì lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bourbon, tó ń sùn sínú àgbá tuntun: ọ̀pọ̀ tó dáa nínú wọn ò tó ọdún 10. Má fi ọjọ́ orí wísíkì ìlú kan díwọ̀n ti ìlú kejì.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, 18 kò pọn dandan rárá. Ẹnu rẹ ò tíì mọ ohun tó yàtọ̀ síra, owó ńlá lo máa ná sórí ìyàtọ̀ tó ò ní gbọ́.

Adùn Àgbàdo

Ẹ̀yin èèyàn Skọ́tlándì ti gba gbogbo àga jókòó. Ẹ sún díẹ̀.

Àkọ́mu, o ní ó jó ẹ lọ́fun. Èyí tó bá dùn ni kó o lọ. Bourbon, ó kéré tán ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ọkà tí wọ́n fi ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo, inú àgbá óákù tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ ni ó sì gbọ́dọ̀ sùn sí. Igi tí wọ́n jó yẹn ló ń fún un ní fànílà àti adùn ṣúgà jíjó. Àwọn kan rò pé Kentucky nìkan ló lè ṣe é, rárá o. Ibikíbi ní Amẹ́ríkà ni, àmọ́ Kentucky ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. "Straight" lára ìgò ń sọ fún ẹ pé kò dín ní ọdún 2.

Maker's Mark ni mo máa fi lé ẹ lọ́wọ́. Ọkà ráì ni ọ̀pọ̀ bourbon ń fi ṣe ìkejì àgbàdo, ráì sì máa ń ta lẹ́nu. Àlìkámà ni Maker's Mark fi rọ́pò rẹ̀, òun ló jẹ́ kó rọ̀. 45% ni, nítorí náà bu omi díẹ̀ sí i. Buffalo Trace náà dáa, ráì inú rẹ̀ ò pọ̀.

Kó o ṣọ́ra fún "proof" lára ìgò Amẹ́ríkà. Pín in sí méjì ni o, 100 proof, 50% ni. "Bottled in bond" náà, 50% gééré ni òfin ní kó jẹ́ láti 1897. Ó dùn gan-an, àmọ́ kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ dárúkọ Glenlivet, ẹ̀gbọ́n mi Bàbá Àgbá, ṣé ẹ rántí ibi tí àgbá rẹ̀ ti wá? Torí pé àgbá tuntun ni òfin ní kí bourbon lò, wọ́n ń ta àgbá tí wọ́n ti lò lọ sí Skọ́tlándì àti Írẹ́lándì. Àgbá wa lẹ ń mu!

Bàbá Àgbá

Mo gbà, mo gbà. Ẹ kú àgbá.

Ọmọ Islay

Kò sẹ́ni tó tíì sọ nǹkan gidi níbí. Laphroaig 10. Ife àkọ́kọ́ mi nìyẹn, mi ò sì wo ẹ̀yìn mọ́. Ẹ ń kọ́ ọmọ láti mu omi ṣúgà.

Ìyá Olóye

Ọmọ Islay, ẹnu rẹ ni, kì í ṣe ẹnu gbogbo ayé.

Àkọ́mu, kí n ṣàlàyé ohun tó ń sọ kó o má lọ fi owó rẹ ra ìyà. Bí wọ́n bá mú kí ọkà báálì hù tán, wọ́n ní láti gbẹ ẹ́. Àwọn kan máa ń fi píìtì dáná sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ewéko àbàtà tó ti jẹrà di ilẹ̀, tí wọ́n gé tí wọ́n sá gbẹ. Èéfín rẹ̀ á wọ ọkà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí dé inú ife. Laphroaig, Lagavulin àti Ardbeg, gbogbo wọn láti erékùṣù Islay, èéfín wọn le. Ti Laphroaig tún ń rùn bí oògùn tí wọ́n ń fi sí ojú egbò. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ dókùú. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ kì í fẹ́ rí i mọ́. Kò sí ẹni tó wà láàárín.

Ìyẹn ni kò fi yẹ kó jẹ́ odindi ìgò lo máa fi dán an wò. Ife kékeré kan ní ilé ọtí ti tó.

Bó o bá fẹ́ èéfín tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá, ó wà nínú Johnnie Walker Black Label, ó sì wà nínú Highland Park 12. Lẹ́yìn ìyẹn ni Talisker 10, àmọ́ ìyẹn ń ta bí ata, agbára rẹ̀ sì tó 45.8%.

Ọmọ Islay

Mo gbọ́ o, Mà. Ife kékeré náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo Islay ló ní èéfín. Bunnahabhain 12 wà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Wọ́n máa ń fi orúkọ erékùṣù yẹn dẹ́rù ba àwọn èèyàn láìnídìí.

Sùúrù

Mò ń kà á láti òkè, kò sí ẹni tó dá a lóhùn dáadáa lórí ohun tó sọ lákọ̀ọ́kọ́: ó jó o lọ́fun. Kò sí wísíkì tí kò ní jó ẹni tó bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà mímu ni kí ẹ kọ́ ọ.

Bu díẹ̀ sínú ife, ìwọ̀n ọmọ ìka kan. Bí ife náà bá fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì há lókè, á dáa, torí yóò kó òórùn jọ. Bí kò bá sí, ife wáìnì kékeré á ṣe é. Má ki imú bọ inú rẹ̀, ọtí á gún ẹ nímú, o ò sì ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Gbé e sí ìsàlẹ̀ imú, la ẹnu rẹ díẹ̀, mí wọlé jẹ́jẹ́. Ìfà àkọ́kọ́ kò tíì kà. Ẹnu rẹ ń kọ́ bó ṣe máa gba ọtí líle ni, má ṣèdájọ́ lórí ẹ̀. Jẹ́ kó yí káàkiri ahọ́n kó o tó gbé e mì. Ìfà kejì ni kó o tẹ́tí sí.

Ẹ̀yìn ìyẹn, kán omi sí i. Ẹ̀kán díẹ̀, kó o tún tọ́ ọ wò, kó o tún kán an. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Àwọn tó ń da wísíkì pọ̀ níṣẹ́ pàápàá, omi ni wọ́n fi ń là á títí dé nǹkan bí 20% kí wọ́n tó gbóòórùn rẹ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ méjì ní Swídìn, Karlsson àti Friedman, fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò rẹ̀: bí omi bá wọ ọtí, àwọn èròjà olóòórùn kan tó fara pamọ́ nínú rẹ̀ máa ń gòkè wá sójú ife, níbi tí imú ti lè bá wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o bu omi sí wísíkì, rẹ́rìn-ín músẹ́ kó o máa mu tìẹ lọ.

Yìnyín yàtọ̀ sí omi. Òtútù ń pa òórùn àti adùn mọ́lẹ̀, ó sì ń pa jíjó náà mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ jíjó ló ń dà ọ́ láàmú, lò ó láìbẹ̀rù. Èyí tó tóbi ni kó o lò, ẹyọ kan, torí wẹ́wẹ́ tètè ń yọ́, ife á sì di omi lásán.

Ṣẹ́ẹ̀rẹ́

Coke ńkọ́? Kí ẹnì kan sọ nǹkan nípa Coke.

Adùn Àgbàdo

Bourbon àti Coke, Jack Daniel's àti Coke, kí ló burú ńbẹ̀? Owó ẹni ni, ẹnu ẹni ni.

Ìyá Olóye

Kò burú, àmọ́ má da single malt sínú rẹ̀. Kì í ṣe torí ẹ̀ṣẹ̀ o. Ṣúgà inú Coke á bo ohun tó o san owó lé lórí mọ́lẹ̀ pátápátá. Blended tí kò wọ́n ni kó o fi là á.

Sùúrù

Bó bá jẹ́ mímu tó fúyẹ́ ló ń wá, highball ni kó kọ́, bí àwọn ará Jàpáànì ṣe ń ṣe é. Ife gíga tó tutù, yìnyín kún un dé òkè, wísíkì apá kan, omi sódà tó tutù nini apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ ife kí ìfófòó rẹ̀ má bàa kú, kó rò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó ń mu bíà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti kọ́kọ́ balẹ̀. Suntory Kakubin ni wọ́n ń lò jù lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Jameson àti Monkey Shoulder náà á dáa níbẹ̀.

Mo rí i pé ẹ ò tíì dárúkọ Jàpáànì tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́: Masataka Taketsuru lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Skọ́tlándì, ó bá Shinjiro Torii dá Yamazaki sílẹ̀ ní 1923, ó sì dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀ ní 1934, èyí tí à ń pè ní Nikka lónìí. Àmọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, mi ò rò pé kó máa lé èyí tó ní nọ́ńbà ọdún níbẹ̀. Òkìkí ti gbé owó wọn kúrò nílẹ̀. Ó sì yẹ kó mọ̀ pé àwọn kan ti máa ń ra ọtí wọlé láti òkèèrè, wọ́n á rọ ọ́ sígò, wọ́n á fi lẹ́tà Jàpáànì sí i. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ ṣe ìlànà lórí ìyẹn ní 2021, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 2024: Jàpáànì ni kí wọ́n ti sè é, kó sì lo ọdún 3 nínú àgbá igi níbẹ̀, kó tó lè jẹ́ wísíkì Jàpáànì.

Àkọ́mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti ń yé mi. Highball yẹn wù mí. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹnu mi máa gba ìgò kan kí n tó san owó odindi?

Bàbá Àgbá

Ìgò kékeré tí wọ́n ń ṣe, ti mílílítà 50. Ọ̀pọ̀ orúkọ ńlá ló ní in. Ra mẹ́ta tó jìnnà síra, kì í ṣe mẹ́ta tó jọra: Írẹ́lándì kan, bourbon kan, Speyside kan. Bù wọ́n sí ife mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, kó o gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kó o máa lọ máa bọ̀ láàárín wọn. Ìyàtọ̀ tó o lè má rí bó o bá mu wọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á hàn gbangba bó o bá tò wọ́n síwájú. Èyí tọ́wọ́ rẹ bá tún ń lọ bá láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kó o ṣe é, odindi ìgò rẹ̀ ni kó o rà.

Ìyá Olóye

Kí n fi kún un: ibi tó o ti ń rà á ṣe pàtàkì ju orúkọ tó o ń rà lọ. Ìgò orúkọ ńlá ni àwọn ayédèrú máa ń fara wé. Wo èdìdì ẹnu ìgò, kò gbọdọ̀ ti ya tàbí kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Wo bí ọtí ṣe ga tó nínú ìgò, fi í wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ka gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, títí kan ẹ̀yìn, torí àṣìkọ máa ń tú wọn fó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tún máa ń tẹ nọ́ńbà sára ìgò fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ha á kúrò, sá. Bí owó rẹ̀ bá sì fi dáadáa rẹlẹ̀ sí ti ibi gbogbo, má bi ìdí, má rà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni, methanol, ọtí olóró kan, wà nínú ayédèrú mìíràn, ó ń fọ́ ojú, ó sì ń pànìyàn.

Alábòójútó

Mo kàn fẹ́ ràn yín létí: àwọn tó ti tójú bọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Sùúrù

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ oníbíà ni Àkọ́mu, kí n fi ìṣirò kan hàn án. Mílílítà 40 wísíkì tó jẹ́ 40%, ọtí pọ́ńbélé mílílítà 16 ló wà nínú rẹ̀. Ìgò bíà mílílítà 330 tó jẹ́ 5%, mílílítà 16.5 ni. Ọgbọọgba ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ife wísíkì kékeré tó o ń wò bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, odindi ìgò bíà kan ni. Ọ̀pọ̀ tó ń ti bíà bọ́ sí wísíkì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú: ọwọ́ tí wọ́n fi ń bu bíà ni wọ́n fi ń bu wísíkì. Ra ohun ìwọ̀n kékeré. Má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Má mu ún lórí ìfun òfìfo, má wakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, má sì dà á pọ̀ mọ́ oògùn oorun tàbí oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu. Ẹni tí kò bá sì mu rárá kò pàdánù nǹkan kan.

Àkọ́mu

Mo ti gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: màá ra mílílítà 50 mẹ́ta, Jameson, Maker's Mark àti Glenlivet 12, màá tọ́ wọn wò pẹ̀lú omi bí ẹ ṣe wí. Ọmọ Islay, ife kékeré rẹ náà ń bọ̀, ẹ má bínú.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá ra odindi ìgò, tí mo ń mu díẹ̀díẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ṣé kò ní bàjẹ́? Ṣé kí n gbé e sínú fíríìjì? Mo sì rí i tí wọ́n máa ń dá ìgò wáìnì dùbúlẹ̀.

Bàbá Àgbá

Kò nílò fíríìjì. Nà án dúró, má dá a dùbúlẹ̀ bíi wáìnì, torí ọtí yìí le, bó bá ń kan kọ́ọ̀kì nígbà gbogbo, á jẹ ẹ́, kọ́ọ̀kì á sì máa bọ́ sínú rẹ̀. Gbé e síbi tí oòrùn kì í ti í ràn, bí inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kì í gbó sí i nínú ìgò. Èyí tó jẹ́ 12 nígbà tó o rà á, 12 náà ni lẹ́yìn ogún ọdún. Bó o bá ti ṣí i, kò ní kan, ṣùgbọ́n atẹ́gùn á máa mú adùn rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ṣì kún, o lè máa mu ún fún oṣù tó pọ̀ láìrí ìyàtọ̀. Bó bá ti kù díẹ̀ nísàlẹ̀, tí ìgò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfìfo, má tọ́jú ìyẹn mọ́. Rọ ọ́ sínú ìgò kékeré tó máa kún dé ẹnu, tàbí kó o fi ṣe highball fún àlejò.

Ọmọ Islay

Bó bá jẹ́ Laphroaig, ó lè fi ránṣẹ́ sí mi.